Ọpẹ́ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Kà

Òórùn èso kajú tó ti jábọ́, tó sì ń kan lábẹ́ igi, ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Bí o bá gba ọ̀nà Goro lórí alùpùpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn náà yóò pàdé rẹ kí o tó fojú kan ilé kankan. Ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, bí ọtí tí ẹnì kan gbàgbé sínú agbè. Eruku pupa á ti bo ìpéǹpéjú rẹ, ètè rẹ á ti bó, omi nìkan ni ìwọ yóò sì máa rò. Ọ̀rọ̀ omi náà ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kan tí mo ní nígbà náà, tó kọ́ mi ní ohun kan tí mo ń lò títí di òní, tó sì fi ohun kan náà dalẹ̀ mi.

Dẹmókírásì ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ wa. Ṣáájú ìgbà náà, bí ẹnì kan bá na ẹ̀rọ sí ọ lẹ́nu, o ti mọ ohun tó fẹ́ gbọ́, ohun náà ni wàá sì sọ fún un. Lẹ́yìn àpérò ńlá tí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe ní etíkun, ẹnu tú. Àwọn baba tó ti ń mi orí láti ọdún gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn nígbà náà ní rédíò ìgbèríko kékeré kan ní Tchaourou. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n gbé mànyétò, bí a ṣe ń pe ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kọ́ èjìká, kí n lọ sí Goro, sí Bétérou, sí Tchatchou, kí n béèrè ohun tí ojú àwọn ènìyàn ń rí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ. N kì í bá ẹlẹ́rìí tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Bó bá ti sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan ibi tó ti húkọ́.

Abúlé kan wà lójú ọ̀nà Goro tí mo máa ń yà sí. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹ̀rọ náà sì ti kú kí ìjọba tó yí padà. Bí o bá fa apá rẹ̀, á ké bí ewúrẹ́, á sì pọ afẹ́fẹ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa rìn lọ sí odò tó ti gbẹ, wọ́n á fi igbá gbẹ́ iyanrìn títí omi pípọ́n díẹ̀ yóò fi sun jáde. Nígbà tí ètò kan tó fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ dé agbègbè wa, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní pọ́rọ́jẹ́, àwọn tó ń darí rẹ̀ sọ pé ayé ti yí, pé kì í ṣe ọ́fíìsì ni wọn yóò jókòó sí yan abúlé mọ́. Wọ́n ní àwọn ará abúlé fúnra wọn ni yóò sọ̀rọ̀, pé olùwádìí kan yóò tú ọ̀rọ̀ wọn palẹ̀, àti pé ibi tí ìnira bá ti pọ̀ jù ni wọn yóò kọ́kọ́ gbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni olùwádìí náà.

Àwa méjèèjì ni a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Abúlé tí wọ́n ti bí i kò jìnnà sí tiwa. Ó ti lọ sí yunifásítì ní etíkun, ó ń kọ ìwé ńlá tí yóò sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé, èmi sì ti sọ ọ́ ní Pùrọ́fẹ̀ kí ó tó parí rẹ̀. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé rédíò ni ó ti tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Ìtúpalẹ̀ àkóónú ni ó pè é.

Ó ní, "Akọ̀ròyìn, ìwọ á gbọ́ ọ̀rọ̀ ogún ènìyàn, wàá sì kọ ọ́ pé 'àwọn ará abúlé ń kùn.' Báwo lo ṣe mọ̀? Ta ló kùn? Ẹ̀ẹ̀melòó? Èmi kì í sọ pé ó dà bí ẹni pé. Mo máa ń kà á."

Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ rèé. O kọ́kọ́ pinnu ohun tí ò ń wá. O la ìsọ̀rí sílẹ̀ bí ẹni tó la abọ́ sílẹ̀: abọ́ ìnira, abọ́ ìtẹ́lọ́rùn, abọ́ ìbéèrè. O pinnu ohun tí wàá máa kà bí ọ̀kan, bóyá ọ̀rọ̀ kan, bóyá gbólóhùn kan, bóyá gbogbo ohun tí ẹnì kan sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, wàá gbọ́ gbogbo rẹ̀, wàá sì ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ tirẹ̀. Ó ní àwọn dókítà ń fi wo ohun tí aláìsàn ń sọ nípa ilé ìwòsàn. Àwọn olùkọ́ ń fi wo ìwé kíkà, bóyá ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí omi pípọn. Àwọn tó mọ̀ nípa ìṣèlú ń fi wo ọ̀rọ̀ ìpolongo, àwọn bíi tèmi náà sì lè fi wo ìwé ìròyìn, kí a mọ ẹni tí ó ń gbé lárugẹ.

Mo ní, "Ṣé a lè fi wo ìwàásù pásítọ̀ wa?"

"Kí ló dé tí a ò ní lè? Ka iye ìgbà tó dárúkọ Sátánì, kí o ka iye ìgbà tó dárúkọ aládùúgbò. Lẹ́yìn náà, wá ṣọ́ọ̀ṣì míì."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò ní purọ́ fún ọ, iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára. Mo rò pé mo ti rí ohun tí yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní agbára wúwo lórí tábìlì àwọn alágbára.

Ní ọjọ́ tí mo lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà Goro, àwọn obìnrin ń yọ kajú lára èso rẹ̀ lábẹ́ igi. Wọ́n á di èso mú, wọ́n á lọ́ kóró ìdí rẹ̀ yọ, wọ́n á ju èyí sí òsì, wọ́n á ju tọ̀hún sí ọ̀tún. Ọ̀dọ́ ìyàwó ilé kan tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ wo mànyétò náà, ó sì ké sí mi ní tonton, bí a ṣe ń fi Faransé pe bọ̀ọ̀dá:

"Tonton rédíò, ẹnu ẹ̀rọ yìí ò ní gbẹ? A ò ní omi tí a ó fún un mu o!"

Gbogbo wọn fi ẹ̀rín sí i. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin abúlé náà, nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi bí ó ti sọ ọ́:

"A kí yín o. A kí ìjọba. A dúpẹ́ tí ẹ rántí wa. Ẹ ṣeun eruku tí ẹ jẹ lọ́nà. A dúpẹ́ ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbé fún wa lọ́jọ́sí. Ọlọ́run á san án fún wọn. A ò jẹ́ gbàgbé. A tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti kú, iyanrìn odò la sì ń gbẹ́ kí ojúmọ́ tó mọ́, omi tí a ń rí níbẹ̀ ń yọ àwọn ọmọ wa lẹ́nu, ìyàwó ọmọ mi yìí sì ṣubú lójú ọ̀nà náà pẹ̀lú oyún nínú àti ìkòkò lórí, oyún ọ̀hún ò sì dúró."

Ọ̀dọ́ ìyàwó tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò gbójú sókè mọ́. Ó ń lọ́ kajú rẹ̀, ó ń jù ú.

Ìwọ tó dàgbà ní ọ̀dọ̀ wa mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ènìyàn wa kì í gbé ẹ̀dùn wá bá ẹni tó jù wọ́n lọ láìkọ́kọ́ tẹ́ ẹní fún un. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á dúpẹ́ ti àná, wọ́n á dúpẹ́ ti ìjẹrin, wọ́n á sì tún dúpẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wúwo tó ni ọpẹ́ ń gùn tó. Ẹni tó bá ń gbọ́ a máa dúró. Ó mọ̀ pé ohun tó gbé wọn wá kò tí ì dé.

Nígbà tí mo kó kásẹ́ẹ̀tì dé, ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Mo ní bí a bá ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ọpẹ́ yóò bo gbogbo ilẹ̀. Ọpẹ́ máa ń wá ní gbólóhùn kéékèèké, ẹ̀dùn a sì máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìmí. Wo ti ìyá yẹn, mẹ́jọ sí ọ̀kan ni. Mo ní kí a ka gbogbo ohun tí ẹnì kan sọ bí ọ̀kan, kí a sì bi ara wa pé kí ló gbé e wá síwájú ẹ̀rọ. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ, ẹni tí kò mọ ilẹ̀ yìí kì bá tí mọ èyí."

Ìlànà wọn béèrè pé kí ènìyàn méjì gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n ju ọ̀rọ̀ sínú abọ́ láìwo ìwé ara wọn, kí a wá wò ó bóyá wọ́n ṣọ̀kan. Bí wọn kò bá ṣọ̀kan, iṣẹ́ náà kò ní ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sábẹ́ máńgòrò, èmi jókòó sínú yàrá rédíò, a sì ṣe é ní ọ̀sán mẹ́rin. Nígbà tí a to ìwé wa pọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi tí a ti yàtọ̀. Ìyá ọ̀nà Goro wà nínú abọ́ ìnira lọ́dọ̀ àwa méjèèjì. Ó gbá mi lọ́wọ́, ó ní orúkọ mi yóò wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí olùkà kejì. Mo buwọ́ lù ú. Mo sì kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì fún un, torí pé kò sí èyí tí a lè fi ṣe ẹ̀dà ní rédíò wa, ó sì ṣèlérí pé òun á dá wọn padà.

Mo lọ sọ fún àwọn obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ wọn ti wọlé. Àní mo sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ yín."

Ìgbà òjò kan kọjá kí wọ́n tó pè wá jọ sí gbọ̀ngàn ìjọba ní Tchaourou. Abúlé kọ̀ọ̀kan rán ènìyàn wá. Ìyá wá pẹ̀lú ìyàwó ọmọ rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ìsìn, wọ́n jókòó síwájú. Ọ̀rẹ́ mi wọ kóòtù. Ó dìde, ó ń ka ìwé rẹ̀ ní èdè Faransé, ọ̀gá pọ́rọ́jẹ́ sì na ìka sí mi pé kí n máa túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó, èdè wa, fún àwọn ará abúlé. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé tí orúkọ mi wà lára rẹ̀.

Àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ kò níṣòro. Mo ń túmọ̀, mo tilẹ̀ ń fi ìgbéraga túmọ̀. Ó wá dé ibi abúlé ọ̀nà Goro. Ó kà, mo sì tẹ̀ lé e kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ:

"Ní abúlé yìí, ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn ló pọ̀ jù lọ nínú ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Wọ́n ń dúpẹ́ ẹ̀rọ omi tí wọ́n ní. Ìnira wọn kéré. Wọ́n lè dúró."

Ìyá wò mí. Kò wo ẹni tó ní ìwé, èmi ló wò, torí pé ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi?"

Ọ̀rẹ́ mi ti ṣí ojú ewé mìíràn. Ó ń kà á pé àwọn olùkà méjì ni wọ́n gbọ́ ohùn náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n sì ṣọ̀kan, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ mi. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Èmi tó ń fi ẹ̀rọ sí gbogbo ayé lẹ́nu, n kò rí gbólóhùn kan sọ tí ó jẹ́ tèmi. Mo túmọ̀ títí dé òpin. Bí a ṣe ń jáde, ìyàwó ọmọ Ìyá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́:

"Tonton rédíò, ẹnu ẹ ò gbẹ bí o ṣe ń sọ ọ́?"

Mo bá ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tó ti ń bọ́ kóòtù rẹ̀ torí ooru. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ohun tí a kọ sílẹ̀.

"Gbólóhùn ni mo padà kà. Ìlànà gbà á láyè."

"A ti sọ pé a ò ní ka gbólóhùn."

"Ọ̀gá fẹ́ kí ó hàn pé àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá tẹ́lẹ̀ ṣe ènìyàn láǹfààní. Bí wọn kò bá rí ìyẹn, kò sí ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí iṣẹ́ fún mi pẹ̀lú wọn ní etíkun. Mi ò parọ́ kankan, Akọ̀ròyìn. Ṣé wọn ò dúpẹ́ ni? Ohùn wọn wà lórí kásẹ́ẹ̀tì."

"Orúkọ mi ńkọ́? Mo ṣọ̀kan pẹ̀lú rẹ lórí ohun mìíràn."

"A ṣọ̀kan, àbí a ò ṣọ̀kan?"

Mo wò ó. Mo wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, bí mo ṣe máa ń bi ẹlẹ́rìí tó ti fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́. "Bí ìyá tó bí ọ bá ní ohun tó ń dùn ún, tó fẹ́ sọ ọ́ fún ọ, kí ló máa ń kọ́kọ́ sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Kí ni ìwọ máa ń ṣe?"

Ó ti ká kóòtù náà sí ọwọ́, ó ń gbọn eruku tí kò sí lára rẹ̀.

"Mo máa ń dúró de èyí tó kù."

Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní kò mọ̀ ni, ká ní ó jẹ́ àjèjì tó gbọ́ ọpẹ́ tó sì gbà á bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti dárí jì í kí a tó kúrò níbẹ̀. Ó mọ̀. Ohun tí mo fi hàn án nípa àwọn ènìyàn wa, kí ó má baà ṣì wọ́n gbọ́, òun gan-an ló lò láti mọ ibi tí yóò gbà pa ohùn wọn mọ́lẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí pọ́rọ́jẹ́, mo fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ. Wọ́n ní orúkọ àwọn abúlé ti pé. Kànga ẹ̀rọ náà lọ sí abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀dà, ní ìhà Tchatchou, níbi tí olùkọ́ kan ti gbẹnu sọ fún wọn, tó sì bọ́ sórí ìnira wọn tààrà bí ẹni tó ń kọ ìdánwò. N kò bínú sí wọn, àwọn náà nílò omi. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi pé kí ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà, kí n gbé ohùn Ìyá sórí afẹ́fẹ́ bí ó ti wà, láti 'a kí yín o' dé 'ò sì dúró'. Ó ní òun nílò wọn fún ìwé òun. N kò tún fojú kan kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò fojú kan òun náà.

Ó pẹ́ kí n tó lè gba ọ̀nà Goro. Nígbà tí mo padà lọ, èso kajú ti tún ń jábọ́, òórùn náà sì pàdé mi níbi tó ti máa ń pàdé mi. Ìyá wà lábẹ́ igi. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti Tchaourou: bí wọ́n ṣe yí i, bí n kò ṣe mọ̀, bí ó ṣe yẹ kí n dá ìtumọ̀ náà dúró ní gbọ̀ngàn kí n sì pariwo. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ní kí n dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi.

"O káàbọ̀, ọmọ mi. O ṣeun tí o wá. A dúpẹ́ àárẹ̀ ọ̀nà. A dúpẹ́ ti ọjọ́ tí o wá gba ohùn wa. O ṣeun, o ṣeun. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Mo dúró. Mo ti tẹ́ etí sílẹ̀, mo ti múra láti gba èyí tó kù, bó ti wù kó burú tó. Èébú ni, ègún ni, mo fẹ́ ẹ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú èso kan, ó lọ́ kóró rẹ̀ yọ, ó jù ú sí ọ̀tún. Ó mú òmíràn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Ẹni tó bá ṣì ń gbé ẹ̀dùn wá bá ọ ṣì rò pé o wúlò fún nǹkan. Ìyá kò ní ohun tí yóò sọ fún mi mọ́.

Láti ìgbà náà, mo ti fi iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi kọ́ mi tú ọ̀pọ̀ nǹkan palẹ̀: ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ ìpolongo, ìwé tí àwọn aláìsàn ń kọ èrò wọn sí nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn bí a ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá gbé iye wá fún mi, n kì í wo iye náà. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo wá, kí wọ́n kà á fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n má fo ohunkóhun. Wọ́n rò pé ìlànà ni. Èmi mọ̀ pé mo ṣì jókòó sábẹ́ igi kajú yẹn, mo ń dúró de èyí tó kù.